Ìrànwọ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ní London

Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn kan ń tà fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ní London, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnì kan á sanwó kí wọ́n lè bá a gba nọ́ńbà National Insurance, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Ẹlòmíì á sanwó fọ́ọ̀mù fún ẹ̀jẹ́ńsì. Ẹlòmíì á sanwó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kíà (iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìlera), bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó gbà á ló yẹ kó kọ́ ọ. Èyí tó tún burú ju owó lọ ni pé àwọn ìrànwọ́ kan wà tí físà ẹlòmíì kò gbà láyè. Bó bá lọ gbà wọ́n, ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ físà di ọ̀tun ni ọ̀rọ̀ náà máa tó jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ ti orí físà bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ronú kan CV rárá.

Ẹ wo ohun tí físà yín sọ

Ẹ wọ àkáǹtì tí ẹ ní lọ́dọ̀ UKVI, ẹ̀ka ìjọba tó ń fúnni ní físà, kí ẹ ṣí eVisa, ìyẹn físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Káàdì físà tí wọ́n ń pè ní BRP ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 31 Oṣù Kejìlá 2024, eVisa ló dípò rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí físà máa parí, irú iṣẹ́ tó gbà yín láyè, àti bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “no recourse to public funds”, ìyẹn ni pé ẹ ò gbọdọ̀ gba àwọn ìrànwọ́ ìjọba kan. Ẹni tó bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, Skilled Worker, Health and Care, tàbí tó tẹ̀lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé gbólóhùn náà wà lára tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ìjọba bá náwó sí là ń pè ní public funds. Òfin ti ka àwọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Universal Credit (owó ìrànwọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan), Child Benefit, Housing Benefit, ẹ̀dínwó Council Tax, ilé káńsù àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ kò sí nínú wọn. Láíbìrì, Citizens Advice (àjọ tó ń fúnni nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́) àti food bank (ibi tí wọ́n ti ń fún aláìní lóúnjẹ) kò sí nínú wọn. Àwọn kan wà tí ẹ̀rù Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, ò jẹ́ kí wọ́n wọ láíbìrì lọ bèèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tó sì jẹ́ pé kò séwu kankan níbẹ̀. Àwọn mìíràn ò ní bẹ̀rù rárá, wọ́n á lọ forúkọ sílẹ̀ fún Universal Credit nítorí pé aládùúgbò wọn ń gbà á. Aládùúgbò yẹn lè ti ní indefinite leave, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé níbí láìsí gbèdéke.

Owó kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rárá: New Style Jobseeker's Allowance (JSA), owó fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Kò sí lára public funds, nítorí owó National Insurance tí wọ́n ti ń yọ nínú owó oṣù yín ló ti wá. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oṣù, tó sì ti san Class 1 (National Insurance ti òṣìṣẹ́ oṣù) dáadáa láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta tó kọjá, lè bèèrè fún un bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í kọjá ọjọ́ 182. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ síléèwé lójoojúmọ́ kì í sábà rí i gbà. Físà yín sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè jẹ́ kí ẹ gba iṣẹ́ mìíràn. Ẹ fi eVisa yín han Citizens Advice kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù yìí. Nọ́ńbà wọn ní England ni 0800 144 8848.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà gba ẹni tó ń kà fún dìgírì láyè nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè la sì ń kà á. Bí iṣẹ́ bá di méjì, àpapọ̀ wọn ni 20, kì í ṣe 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣe Master's, tó ń kọ dissertation nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò tíì wà ní ìsinmi: àkókò ẹ̀kọ́ ṣì ni. Iṣẹ́ ara-ẹni ló sì ń kó bá àwọn ọmọ wa jù. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri fún àwọn ilé iṣẹ́ orí fóònù, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe, físà akẹ́kọ̀ọ́ ò sì gba ìyẹn láyè, ì báà jẹ́ wákàtí kan péré. Kí ẹ wá yá àkáǹtì ẹlòmíì lò kò dín ẹ̀ṣẹ̀ náà kù. Ó fi kún un ni.

Share code àti nọ́ńbà National Insurance

Share code ni kóòdù tí ẹ máa fún ọ̀gá iṣẹ́ kó lè fi wo ohun tí físà yín gbà láyè. Ti iṣẹ́ máa ń fi W bẹ̀rẹ̀. Bí tiyín bá fi R bẹ̀rẹ̀, ti ilé gbígbà ni. Bó bá jẹ́ S, ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ni. Tí ọ̀gá iṣẹ́ bá ní kóòdù yín ò ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ọjọ́ 90 ló ń lò, ẹ sì lè tún òmíràn ṣe nígbàkígbà lórí GOV.UK láìsanwó.

Nọ́ńbà National Insurance náà, orí GOV.UK ni, ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá tẹ orúkọ rẹ̀ sínú Google, ìkànnì tó ń gbowó lè ṣáájú ti ìjọba. Ẹ rí i pé àdírẹ́sì tó wà lókè parí sí gov.uk. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ara yín hàn tán, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí i. Ẹni tí físà rẹ̀ bá gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀, kó sì mú nọ́ńbà náà wá nígbà tó bá dé.

Àwọn tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀

Ẹ kọ́kọ́ pe National Careers Service: 0800 100 900. Ẹni tó bá ti ń gbé ní England lè pè wọ́n. Wọn kì í wá iṣẹ́ fúnni o. Olùdámọ̀ràn ni wọ́n. Bí ẹ bá pè wọ́n pé “ẹ bá mi wáṣẹ́”, ìpè yẹn máa tutù. Kí ẹ tó pè, ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ ti ṣe nílé sórí ìwé, kí ẹ kọ ìwé ẹ̀rí tó ga jù tí ẹ ní, kí ẹ sì ṣí ìpolówó iṣẹ́ kan tó wù yín síwájú ara yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n pé: “Kí ló kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ mi fún irú iṣẹ́ yìí?” Wọ́n á wo CV yín, wọ́n á sì sọ ẹ̀kọ́ tó bá a mu.

Lẹ́yìn wọn, káńsù yín ni. London ní borough (agbègbè tó ní káńsù tirẹ̀) 32, City of London sì dá dúró. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ọ́fíìsì tó ń ran àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́ láti ríṣẹ́: Southwark Works ní Southwark, GLLaB ní Greenwich tí àwọn ará Woolwich àti Thamesmead ìhà ibẹ̀ lè lò, Hackney Works ní Hackney. Níbẹ̀ ni ẹnì kan ti máa jókòó tì yín, kì í ṣe orí fóònù, àwọn ilé iṣẹ́ àdúgbò a sì máa kó iṣẹ́ wọn fún wọn kó tó dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ohun méjì ló máa ń da àbẹ̀wò yìí rú. Àkọ́kọ́: borough tí ẹ̀ ń gbé ni, kì í ṣe ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà yín wà. Ẹni tó ń gbé ní Dagenham, tó ń ṣe ìsìn ní Peckham, Southwark ò ní lè gbà á. Bí ẹ ò bá mọ borough yín, ẹ tẹ postcode yín sínú “find your local council” lórí GOV.UK.

Ìkejì ni ìwé tó ń fi àdírẹ́sì hàn. Ẹni tó gba yàrá kan lọ́wọ́ ará ilé, tí kò sí orúkọ rẹ̀ lórí owó iná tàbí Council Tax, kì í ní kinní kan tó máa mú lọ. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP (dókítà àdúgbò) tó sún mọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì gbọdọ̀ lé yín nítorí pé ẹ ò ní ìwé àdírẹ́sì tàbí ìwé físà lọ́wọ́. Lẹ́tà tí NHS bá fi ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn náà lè di ẹ̀rí àdírẹ́sì yín níbi púpọ̀. Ẹ mú un dání pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù, share code, àti CV bó ti wù kó rí.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bèèrè tààrà bóyá físà yín bá owó tí wọ́n fi ń ṣe ètò náà mu. Owó ètò kan lè wà fún ọ̀dọ́ nìkan, òmíràn fún àwọn tó ń gba bẹ́nẹ́fíìtì nìkan. Bí ti àkọ́kọ́ ò bá bá yín mu, ẹ má bínú jáde; ẹ bi wọ́n léèrè ètò mìíràn tó wà nínú ilé kan náà.

Láíbìrì ò nílò àlàyé púpọ̀: kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá gba káàdì, Wi-Fi, àyè ìjókòó tó móoru. Àwọn kan máa ń ní wákàtí ìrànwọ́ iṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ẹ bi àwọn tó wà nídìí kọ́ńtà. Ìtẹ̀wé nìkan lẹ máa sanwó fún.

Bí ẹ bá lẹ́tọ̀ọ́ sí Jobcentre

Jobcentre ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ wíwá àti bẹ́nẹ́fíìtì. Ó wà fún ẹni tí físà rẹ̀ gba public funds láyè, tàbí tó ń gba New Style JSA. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Universal Credit máa ń gbà kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé. Wọ́n lè fún yín ní advance kí ọjọ́ náà tó pé, àmọ́ gbèsè ni, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ kì í sábà mẹ́nu bà bí ẹ ò bá bèèrè ni Flexible Support Fund. Olùdámọ̀ràn yín lè fi san owó ọkọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, aṣọ iṣẹ́, ìwé àṣẹ tí iṣẹ́ kan nílò, àní owó ìtọ́jú ọmọ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wọn ló wà láti fún yín tàbí kí wọ́n má fún yín. Ẹ bèèrè KÍ Ẹ TÓ náwó. Ẹni tó bá ti rà á tán kó tó mú rìsíìtì wá, ó lè di àdánù rẹ̀.

Èkejì ni Jobcentre Plus Travel Discount Card. Ó ń dín owó bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ TfL, àjọ ọkọ̀ London, kù sí ìdajì. Ẹni tó bá ti pé ọdún 25 lè gbà á bó bá ti wà lórí Universal Credit tàbí JSA fún oṣù mẹ́ta, títí di oṣù 12. Ti ẹni ọdún 18 sí 24, oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́ Oyster, káàdì tí ẹ fi ń wọkọ̀, ní ibùdókọ̀ ojú irin kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó kàn fi í sínú pọ́ọ̀sì máa san owó kíkún.

CV, àti ohun tí àṣà ilé ń ṣe fún wa

Ojú ìwé méjì ni. Ẹ yọ fọ́tò kúrò. Ẹ yọ ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ ìbí, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn àti “married with children” kúrò. Níbí, wọn ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ má kọ NYSC sílẹ̀ lásán, wọn ò mọ̀ ọ́n: ẹ kọ ọ́ pé ọdún kan ìsìnlú tí ìjọba ń fún àwọn tó jáde yunifásítì, kí ẹ sì sọ ibi iṣẹ́ tí wọ́n pín yín sí àti ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀. Bákan náà ni WAEC: orúkọ ẹ̀kọ́ tí ẹ ṣe àti máàkì Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ló ṣe pàtàkì. Ẹ má tíì lọ sanwó fún UK ENIC kó lè bá yín wo ìwé ẹ̀rí yín àfi bí ìpolówó iṣẹ́ kan tàbí iléèwé kan bá sọ pé àwọn fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ kì í bèèrè rẹ̀.

Fún iṣẹ́ káńsù àti NHS, CV fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan ńlá. Ìwé kan wà tó ń bá iṣẹ́ náà rìn tí wọ́n ń pè ní person specification. Ẹni tó ń yan orúkọ máa gbé e síwájú, á sì máa fi máàkì sí ìlà kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ “essential” (kòṣeémánìí). Bí ìlà mẹ́jọ bá wà, kí ìdáhùn yín ní ìpín mẹ́jọ, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fara hàn nínú tiyín, kí àpẹẹrẹ kan sì tẹ̀ lé e. “Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ kára” ò gba máàkì kankan. “Èmi nìkan ló ń dá ìwé owó ṣọ́ọ̀bù méjì ṣe lálaalẹ́, mo sì rí àṣìṣe kan tó ti ń bá wa bọ̀ láti oṣù mẹ́ta” máa gbà á.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ “èmi” yẹn. Ibi tí ìwà ọmọlúàbí ti ń pa wá lára nìyí. Nílé, ẹni tó ń sọ “èmi ni mo ṣe é” ń fọ́nnu, torí náà a ti mọ́ “a ṣe é” lára, bí a tiẹ̀ dá nìkan ṣe é. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò ò mọ ìyẹn. Bó bá gbọ́ “we”, ó gbà pé àwọn mìíràn ló ṣe iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà, ṣùgbọ́n níbí, ẹni tó ń wo ilẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ ṣe ìdánrawò rẹ̀ pẹ̀lú olùdámọ̀ràn káńsù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Referee, ẹni tó máa jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, ni ibi tí iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ti máa ń yọ́ dànù. NHS àti iṣẹ́ kíà sábà máa ń fẹ́ ẹ̀rí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn láìsí àlàfo. Bí ọ̀gá yín tẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn bá fi Gmail dáhùn, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n máa dá a padà. Ẹ bá HR ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ gba ímeèlì ilé iṣẹ́ gan-an, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa wo spam. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ti kógbá sílé, ẹ wá lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ àti payslip jáde, kí ẹ sì ti sọ ọ́ fún wọn ṣáájú.

Ẹ̀jẹ́ńsì àti àwọn onígbájúẹ̀

Láti ọdún 1973 ni òfin Employment Agencies Act ti wà. Ẹ̀jẹ́ńsì ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ yín nítorí pé ó bá yín wáṣẹ́, àfi nínú iṣẹ́ eré àti ìpolówó aṣọ tó ní ìlànà tirẹ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ ló ń san án. Ẹ̀jẹ́ńsì ò sì gbọdọ̀ sọ pé bí ẹ ò bá ra ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òun, òun ò ní fún yín níṣẹ́. Care Certificate tí wọ́n ń tà kiri lórí WhatsApp, ilé iṣẹ́ kíà ló yẹ kó kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́.

Ẹni tó ń ta Certificate of Sponsorship, ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ kó lè gba físà, ń ta ohun tí kì í ṣe títà. Agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ gba Immigration Skills Charge, owó tí òun ń san fún ìjọba, padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, láti 31 Oṣù Kejìlá 2024 sì ni owó certificate náà àti ti láísẹ́ńsì tí agbanisíṣẹ́ fi ń fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ìdènà kan náà. Bí ẹnì kan bá sì ń ta físà kíà fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó wà nílé, jìbìtì ni: láti 22 Oṣù Keje 2025, wọn ò gba òṣìṣẹ́ kíà tuntun láti òkè òkun mọ́.

Ìmọ̀ràn lórí físà gan-an, ẹni tí òfin bá fún láṣẹ nìkan ló lè fúnni. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn tí Immigration Advice Authority forúkọ wọn sílẹ̀. OISC ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó yí orúkọ padà ní Oṣù Kìíní 2025. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe lọ́yà, ì báà jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ẹ má gbé físà yín lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́, aṣọ, oúnjẹ

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àgbà wà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì London fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ wọ́n sábà máa ń bèèrè pé kí ẹ ti gbé ní ìlú ọba fún ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n fún ní refugee status kì í dúró ọdún mẹ́ta. Ẹ bi kọ́lẹ́ẹ̀jì léèrè kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n má baà kọ owó àjèjì sí yín lọ́rùn. Skills Bootcamp náà wà: kì í kọjá ọ̀sẹ̀ 16, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ wà lára wọn, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Olùkọ́ Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì tàbí èdè tó gba ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà lè bèèrè fún QTS (ìwé àṣẹ iṣẹ́ olùkọ́ ní England) lórí GOV.UK láìsan kọ́bọ̀.

Smart Works máa ń fún àwọn obìnrin ní aṣọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á sì tún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dáhùn. Suited & Booted ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin. Olùdámọ̀ràn káńsù tàbí Jobcentre ló sábà máa ń fi orúkọ yín ránṣẹ́ síbẹ̀, nítorí náà ẹ ti sọ ọ́ ní kété tí lẹ́tà ìpè bá ti dé.

Food bank ti àjọ Trussell máa ń fẹ́ voucher, ìyẹn ìwé tí ẹ máa mú lọ. Citizens Advice, GP tàbí iléèwé ọmọ yín lè fún yín. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2023, gbogbo ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní London ló ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́, físà òbí ò sì kan ọ̀rọ̀ náà.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lábẹ́ sponsor

Sponsor ni ilé iṣẹ́ tí físà yín so mọ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office pé iṣẹ́ yín ti parí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà máa wá, tó sábà máa ń gé físà kù sí ọjọ́ 60. Láti ọjọ́ lẹ́tà náà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kúrò níbi iṣẹ́. Bí físà yín ò bá tó ọjọ́ 60 mọ́ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tó kù yẹn náà ni. Sponsor tuntun gbọ́dọ̀ ti fún yín ní certificate, kí ẹ sì ti fi ìwé sílẹ̀ kó tó pé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà kí ìdáhùn tó dé. Ímeèlì tí ẹ kọ sínú àkáǹtì UKVI ni lẹ́tà yẹn máa gbà wá. Bó bá jẹ́ ti éjẹ́ńtì tó bá yín ṣe físà ló wà níbẹ̀, ẹ yí i padà lónìí.

Bí ilé iṣẹ́ bá jẹ yín lówó, ẹ pe Acas, àjọ tó ń fúnni nímọ̀ràn lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́: 0300 123 1100. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn, wọn kì í sì í ṣe Home Office. Àkókò láti gbé ẹjọ́ iṣẹ́ lọ síwájú ilé ẹjọ́ kúrú, torí náà ẹ pè wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn Law Centre, bí Southwark Law Centre ní Peckham, náà máa ń gba ẹjọ́ iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó sọ fún ọ̀gá pé ẹ fẹ́ pẹjọ́, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo payslip, rota àti àdéhùn iṣẹ́ sórí fóònù tiyín, nítorí inú ímeèlì ilé iṣẹ́ ni púpọ̀ wọn wà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì dá yín dúró ni wọ́n máa ń tì í pa.